Ẹsẹ̀ Mọ́nítọ̀ Ìyá Rúlà

Ẹni tó bá ní ará ilé ọkọ kì í ṣe ọ̀tá, kó wá jókòó sórí àga Ìyá Rúlà wò. Àwòrán ilé ló ń fi kọ̀ǹpútà yà, rúlà kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí òun gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ń pè ní Akọ̀wé, ló kọjú sí i nídìí tábìlì gígùn kan náà. Ìyá Rúlà ló kọ́ Akọ̀wé níṣẹ́. Òun náà ló bẹ ọ̀gá kó gbà á. Ẹ wá wo ẹ̀san.

Ọrùn ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Mọ́nítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà, rẹlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ irin kan, Ìyá Rúlà sì ti ń tẹ orí ba wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà ní kó gbé e sókè kó bá ojú rẹ̀ dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ti gba ẹ̀yìn lọ bá ọ̀gá: “Ọrùn ìyàwó wa ti bàjẹ́, sà. Ẹ gbé àwòrán ilé-ìwé ńlá yẹn fún mi kí n parí ẹ̀.” Àwòrán tí obìnrin yìí ti fi òógùn yà dé òrùlé! Ọ̀gá ní òun á dúró di ìparí ọ̀sẹ̀. Bí ọrùn bá ṣì ń mú Ìyá Rúlà na ẹ̀yìn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Akọ̀wé ni yóò gbà á.

Ni Ìyá Rúlà bá tẹ ṣọ́ọ̀bù kan láago, níbi tí wọ́n ti ń ta apá irin tí wọ́n fi ń gbé mọ́nítọ̀ sókè. Wọ́n ní sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ìwúwo mọ́nítọ̀ mu, kó wọn mọ́nítọ̀ kó tó yan èyí tó fẹ́. Ta ni wọ́n ń kọ́ ní ìwọ̀n? Ó gbé mọ́nítọ̀ sórí òṣùwọ̀n yàrá ẹrù, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Akọ̀wé ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò ó.

Apá tín-ín-rín wà, alábọ́dé wà, òmíràn sì ki pọ́pọ́, ti mọ́nítọ̀ tó wúwo. “Èyí tó ki yẹn ló bá tìẹ mu, ìyàwó,” ni Akọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó yẹ kí ara fu ú. Ìgbà wo ni ológbò ń bá eku yan ilé?

Apá tó ki náà ló rà. Apá dé. Ó dè é mọ́ etí tábìlì, ó tú ẹsẹ̀ irin kúrò, ó so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Yéè! Apá náà ta sókè fìrì, etí mọ́nítọ̀ gbá a lágbọ̀n, ètè rẹ̀ là. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ó ti wọn ẹsẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló wúwo. Mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ fúyẹ́ bíi páálí. Ó dẹ sípíríǹgì títí, kò gbọ́. Bó ṣe ń fà á wálẹ̀ ló ń ta padà.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. “Mo kúkú rí ẹ nígbà tí ò ń wọ̀n ọ́n tẹsẹ̀tẹsẹ̀!”

“Ẹ rí i, ẹ ò sì sọ?”

“Ṣé èmi ni mò ń bá ẹ gbé ọrùn ẹ ni?”

Inú bí Ìyá Rúlà débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wù ú kó fọ́ ọ létí. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ ni, ọkọ náà ni; ó gbé e mì.

Ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu. Ó gbé ẹsẹ̀ irin nílẹ̀, ó fi wáyà dè é mọ́ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ gírígírí, ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Mọ́nítọ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Ṣé ó wọ̀n ọ́n re àbí kò wọ̀n ọ́n re?

Àwòrán ilé-ìwé parí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ìyá Rúlà kò sì na ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ́sàn-án rárá. Ẹsẹ̀ irin ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ló ṣẹ́kù, tó na àtẹ́lẹsẹ̀ sí Akọ̀wé níwájú. Ibi yòówù tó bá sún àga sí, Ìyá Rúlà á rọra yí apá, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e.

“Ìyàwó, gbé ẹsẹ̀ yìí kúrò lójú mi!”

“Ẹ má bínú, ọkọ mi,” ó wí, kò tiẹ̀ wò ó. “Òun ló ń bá mi gbé ọrùn mi.”