Ọjọ́ Tí Mo Gbé Agbádá Lọ Wo Ẹyẹ

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò sì tọrọ ìkeje lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní èbúté Hamburg, tí mo bá wà lókè kíréènì, àwọn tó gba dìgírì ń bẹ nísàlẹ̀, wọ́n ń gbé ojú sókè wò mí. Irú mi kọ́ ni ọmọ òyìnbó yóò kàn gba ọmọbìnrin lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo ti sọ fún ọmọ mi tó ń gbé ní Tempelhof, ní Berlin: "Bí ọmọkùnrin òyìnbó tó fẹ́ fẹ́ ọ yẹn ò bá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, tòun ti bàbá ẹ̀, kò sí ìyàwó níbí." Ó sunkún títí. Ọmọkùnrin náà ní nílé àwọn, àwọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run gan-an, ìjókòó ni wọ́n fi ń kí i.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ọmọ mi pè mí lórí fóònù nílé mi ní Veddel, àdúgbò kan ní Hamburg. Ó ní bàbá ọmọkùnrin náà fẹ́ kí gbogbo wa jọ lọ wo ẹyẹ létí òkun.

"Wo kí ni?"

"Ẹyẹ, Dádì. Ẹ wọ agbádá funfun yẹn o. Ẹ̀yin làgbà ibẹ̀."

Ọmọ náà gbọ́n. Èmi ni mo bí i.

Ilẹ̀ etí òkun tí a lọ náà rí bí ahọ́n tí wọ́n yọ sí òkun: omi lọ́tùn-ún, omi lósì, omi níwájú. Atẹ́gùn ibẹ̀ ò mọ àgbà. Ó kó sínú agbádá mi, ó fẹ́ gbé mi padà sí Hamburg. Bàbá àti ọmọ wọ aṣọ tó jọ ẹrẹ̀, wọ́n gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ lásán! Mo wo ọmọ mi. Ó ń wo òkun.

A dé ìdí òkìtì gíga tí wọ́n mọ láti fi dènà omi.

"Dádì, ẹ máa lọ níwájú."

Mo ṣáájú, bó ti yẹ. Mo dé orí rẹ̀, mo yíjú padà. Háà! Bàbá àti ọmọ ti nà gbalaja sórí koríko, àyà nílẹ̀, wọ́n dojú kọ mí.

Orí mi wú. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo fi ohùn èbúté bú sí àdúrà: "Ẹ ó dàgbà! Ẹ ó bí, ẹ ó tọ́! Mo fi ọmọ mi fún yín tọkàntọkàn!"

"Àmín!" Kí n tó pa ẹnu dé, ọmọ mi ti dáhùn.

Ìgbà náà ni pápá ẹ̀yìn mi dìde. Àwọn ẹyẹ ńlá tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n ń pè ní Gänse, gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bo ojú ọ̀run. Bàbá òyìnbó gbé orí sókè, ó fi èdè Jámánì sọ nǹkan tí kì í ṣe àmín.

"Dádì," ọmọ mi rọra sọ, "bí wọ́n ṣe ń wo ẹyẹ nìyẹn. Wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ kí ẹyẹ má baà rí wọn."

"O sì mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ ti súre, Dádì."

Mo ti súre lóòótọ́. Àgbà kì í súre tán kó tún máa ṣà á padà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde, mo ti gbà.

Bí wọ́n bá bi mí ní Veddel, mo máa ń sọ fún wọn pé létí òkun ni àwọn àna mi ti dọ̀bálẹ̀ fún mi, tàwotàwo lọ́rùn. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Àwọn ẹyẹ gan-an dìde kí mi.