Wáyà, Kọ́kọ́rọ́ àti Ọwọ́ Ìyá Mi

Ní Sátidé tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin ń pe àbúrò rẹ̀ obìnrin níta: "Wá bá mi di wáyà yìí mú, kí n yí kọ́kọ́rọ́. Kò ní pẹ́." Ó ti wo fídíò kan lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè fi ègé wáyà mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́, nílé, láìpe mẹkáníìkì. Mo sáré jáde. Mo ní, "Kúrò nídìí ọkọ̀ yẹn! Ju wáyà yẹn nù!" Àwọn méjèèjì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Èyí àgbà ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ jàre, mi ò kúkú ní sítáàtì ẹ́ńjìnnì." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìdímù là ń gbé, nínú ilé kan tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń fa omi nínú kànga kan ṣoṣo. Èkìtì ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ akọ̀wé ló sì ń ṣe fún ìjọba. Ìyá mi ń ránṣọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ ilé ìwé ló sì ń rán jù. Bí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé, àwọn ìyá ọmọ á máa wá láti Ìdímù títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Télọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìka ìyá mi ló ń bọ́ wa, nítorí owó oṣù bàbá mi kì í tètè jáde. Gbogbo ilé ló mọ̀. Bàbá mi náà mọ̀, kò sì dárí rẹ̀ ji ìyá mi.

Àsìkò tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń ya wọ ìlú ni bàbá mi ra tirẹ̀. Ọkọ̀ náà ní kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò wa kò tíì mọ̀ nígbà náà. Bí nǹkan bá ṣe ẹ́ńjìnnì, iná kan á tàn níwájú awakọ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ bàbá mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bi ọkọ̀ léèrè. Ẹ ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fi wáyà so ihò méjì pọ̀ nínú àpótí kékeré kan tó wà níbẹ̀, ẹ ó wá yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná ọkọ̀ á tàn, láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Iná yẹn á máa ṣẹ́jú. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, mọ́kànlélógún nìyẹn. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àìsàn tirẹ̀.

Ọjọ́ ìmọ́tótó ni bàbá mi máa ń yàn fún un, ìyẹn Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Gbogbo ọkùnrin ilé máa ń wà níta pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, òun á sì rí ẹni wò ó.

"Ẹnjiníà, kí ni ọkọ̀ wí lónìí?"

Ẹlòmíràn á dáhùn: "Ó ní ebi ń pa òun, kí wọ́n lọ bá Ìyá Télọ̀ gba owó oúnjẹ!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló máa ń dojú kọ.

Lọ́sẹ̀ tí mo ń sọ yìí, ọkọ̀ náà gbóná lójú ọ̀nà Ìpájà, nítorí pé fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ràdíétọ̀ kò yí. Rìwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, kò wá ohun tó fà á. Ó gé wáyà tó ń sọ fún ọkọ̀ pé omi ti gbóná, ó sì so fáànù náà ní dàírẹ́ẹ̀tì, kó lè máa fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Láti ọjọ́ náà, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí, kódà kí ẹ́ńjìnnì má ṣiṣẹ́, fáànù á gbéra. Irin ni abẹ fáànù náà. Ọkọ̀ kò gbóná mọ́, ṣùgbọ́n iná iwájú awakọ̀ tàn, kò sì kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó, bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà rẹ̀ ń yọ jáde nínú ihò, kò dúró. Àwọn ayálégbé ti ń wò ó. Ó pariwo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ìyá Télọ̀! Gbé ọwọ́ olówó ẹ wá ńbí."

Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí apá aṣọ yìí, ẹni tó ni ín ń bọ̀."

"Ọwọ́ tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ kò lè di wáyà mú? Àbí iṣẹ́ ọkọ ẹ nìkan ló ń wúwo?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde. Ó béèrè bóyá iná ò ní gbé òun. Bàbá mi ní, "Má kọ́ mi níṣẹ́." Ó jókòó sídìí sítíárìn, ó fi èmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa bá a kà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà lókè kò jẹ́ ká rí ìyá mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó gbọ́ pé ọwọ́ òsì ló fi di wáyà mú, tó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbára lé etí fáànù.

Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Fáànù gbéra, iná sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ igbe ìyá mi, iná sì dúró. Bàbá mi lu sítíárìn: "Ta ló ní kó o yọ ọ́? Mi ò tíì kà á tán!"

Ẹnì kan ké níta: "Ẹ pa á! Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ̀jẹ̀ ló dà yẹn!"

A fi aṣọ ilé ìwé tó ń rán lọ́wọ́ di ọwọ́ rẹ̀, a gbé e sínú ọkọ̀ náà. Ní ìkóríta, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà dá wa dúró, torí aago mẹ́wàá kò tíì lù. Ọ̀kan wo inú ọkọ̀, ó ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń ní aláìsàn lọ́jọ́ ìmọ́tótó." Ibẹ̀ la wà, tí ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́yà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, nígbà tí bàbá mi yíjú sí mi: "Ìwọ, mélòó lo kà?"

Dókítà rán ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín kò ká mọ́ títí tí ìyá mi fi kú. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ni àwọn oníbàárà ti ń wá kó aṣọ wọn. Obìnrin kan ò tilẹ̀ kí i. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Télọ̀, ọmọ mi ò lè rìn níhòòhò lọ síléèwé." Rìwáyà náà wá. Ó ní, "Bàbá, ṣebí mo sọ fún yín pé bí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí, fáànù á gbéra?" Bàbá mi dáhùn lójú ìyá mi: "O sọ ọ́. Ta ló ní kó kọwọ́ bọ̀ ọ́? Ṣé òun ò lójú ni?" Rìwáyà so wáyà tó gé padà, iná sì kú. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé wáyà ni.

Lẹ́yìn náà, bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, á ní, "Ìka tó kù lo fi wọn iyọ̀ ni?" Ìyá mi á gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn ọmọbìnrin tó kọ́ níṣẹ́. Àwọn náà ló wá ń rán aṣọ ilé ìwé tiwa.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ kékeré kan ti wà báyìí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, nọ́ńbà á sì hàn lójú fóònù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọwọ́ bọ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn ṣì wà láàárín wa, ní Ìkọ̀tún, ní Ìgándó, nínú ọgbà àwọn tí kò tíì lè ra òmíràn, wọ́n sì ṣì ń so fáànù ní dàírẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní ṣíṣí, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ fi ojú ara yín wò ó.