Òwú Ẹnu Páìpù

Òṣìṣẹ́ kan ń yọ́ ìda láti fi dí ẹ̀gbẹ́ páìpù lára ògiri adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ọmọ mi. Ọmọ mi ní kí n wọlé nítorí òórùn ìda náà. Mi ò wọlé.

Òórùn ọ̀sán kan ní Kàbà nígbà tí mo wà lọ́mọdé nìyẹn. Òjò ọdún náà kù díẹ̀ kó tán, gbogbo omi táǹkì sìmẹ́ńtì wa sì ti jò gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Ìyá mi yọ́ ìda oyin, ó fẹ́ wọ inú táǹkì lọ dí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dínà.

"Ìyàwó, obìnrin kì í wọ ibi tí a ti ń mu omi."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa lọ pọnmi lódò?"

Ìyá mi wọ yàrá, ó gé òwú pupa lórí òfì tó fi ń hun aṣọ, ó rì í sínú ìda, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọjá wọ inú táǹkì. Bó ṣe ń fi àtàǹpàkò ki òwú yí páìpù ká, orin rẹ̀ ń dún nínú táǹkì bíi ti obìnrin púpọ̀.

Òjò rọ̀, táǹkì kún, kò jò. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń mu níbẹ̀ bíi tiwa.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé aṣọ oyè ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ìyá mi ń hun lórí òfì lọ́jọ́ náà.