Hikmat Jókòó Lórí Irin

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí òkè ilé ìgbẹ̀bí Màmá Ọládùnní, Hikmat ti dé sáìtì kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni ilé náà wà, bí èèyàn bá ń jáde kúrò ní Ìwó, níbi tí ilé ti ń tán tí oko gbàgùúdá ń bẹ̀rẹ̀. Ó dé akoto rẹ̀ lé orí híjáàbù, ó ká bébà rẹ̀ sí abẹ́ apá, ó gun àkàbà lọ sókè. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá lórí pákó tó fi rí i.

Irin mẹ́rin ló yẹ kó gba ìsàlẹ̀ bíìmù àárín kọjá láti òpó kan dé èkejì. Méjì ló kù. Wọ́n ti fi ayùn gé méjì tó wà láàárín, wọ́n sì ti gbé páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ oní-ínṣì mẹ́rin sí àyè tó ṣí sílẹ̀. Páìpù náà dúró ṣánṣán bí ẹni tó ti ra ilẹ̀ ibẹ̀.

"Ta ló gé irin yìí?"

Badrudeen, tó ń tẹ irin, ò wo ojú rẹ̀. "Ọ̀gá Nehemiah ló ní kí n gé e nírọ̀lẹ́ àná. Mo ní ká dúró dè ọ́. Wọ́n ní ta ni wọ́n ń pè ní Hikmat."

Ìbéèrè yẹn kò ṣàjèjì sí Hikmat. Láti ọjọ́ tó ti ní ilé kíkọ́ lòun fẹ́ ṣe ni wọ́n ti ń bi í. Ìsàlẹ̀ Ọba ni wọ́n bí i sí, nínú agboolé tí ọmọdé ti ń kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Alfa Abdulfatah, bàbá rẹ̀, ló ni ilé-kéwú náà, ọwọ́ wọn sì ni ojú Hikmat ti kọ́ láti máa wo nǹkan kéékèèké, nítorí tí ọmọ bá fo àmì kan lórí háràfí, wọ́n á ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Hikmat gba ìwé láti lọ kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní politẹ́kíníìkì, àwọn ẹbí kó ara wọn jọ, wọ́n wá bá Alfa. Wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ ẹ. Alfa jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ jẹ́ kó lọ," ni wọ́n sọ. "Gbogbo yín náà lẹ ń sùn lábẹ́ òrùlé."

Ó lọ, ó sì parí, ó sì rí ọkọ fẹ́. Fún odidi ọdún kan lẹ́yìn náà, kò sí sáìtì tó dé tí wọn ò bi í bóyá oúnjẹ ló gbé wá. Nígbẹ̀yìn, Ọ̀gá Fàtáì, púlọ́mbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ní kó máa bọ̀ wá bá òun gbé páìpù, pé bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé á sá lọ. Ọdún méjì ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó gé páìpù, ó sùn lábẹ́ ṣíǹkì, ó sì mọ bí páìpù omi ìdọ̀tí ṣe gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ kí omi tó lè ṣàn. Ó kúrò níbẹ̀, ó tẹ̀ lé Ẹ̀ríolúwa oníná fún ọdún kan.

Ìgbà náà ló wá rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ilé ìwé. Olúkúlùkù ni wọ́n ń fún ní ewé tirẹ̀ nínú pláànù, kò sì sẹ́ni tó ń wo ti ẹnìkejì. Púlọ́mbà ò mọ ibi tí bíìmù wà. Ẹni tó ń tẹ irin ò mọ ibi tí omi yóò gbà. Oníná á dé lẹ́yìn gbogbo wọn, á wá máa fi òòlù fọ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Bó ṣe di pé Hikmat ń gba gbogbo ewé náà jọ nìyẹn. Á tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fi ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi bírò dúdú fa bíìmù àti òpó, á fi búlúù fa omi mímọ́, á fi àwọ̀ ewé fa omi ìdọ̀tí, á fi pupa fa iná. Ibi tí àwọ̀ méjì bá ti forí sọ ara wọn, á fa òbíríkítí yí i ká, á sì lọ wá àwọn oníṣẹ́ méjèèjì kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló mú un dé ọ̀dọ̀ Màmá Ọládùnní. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ, àwọn ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí wọn ní Ìwó àti agbègbè rẹ̀ sì ti ń bímọ tiwọn. Wọ́n ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí olókè kan, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò lè ka pláànù. "Wá bá mi fi ojú sí i," ni wọ́n sọ fún Hikmat. Ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ Nehemiah nínú. Òun ni agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé náà, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń kọ́lé kiri Ìwó. Kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti fi ojú sí iṣẹ́ òun.

Ìṣòro bíìmù náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Nínú oṣù kẹta, Màmá ní kí wọ́n gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè súnmọ́ yàrá ìrọbí, nítorí obìnrin tó ń rọbí kò yẹ kó máa rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà tún ewé tirẹ̀ yà. Àmọ́ ẹnjiníà tó ṣírò irin, tó ń gbé ní Ìbàdàn, kò gbọ́. Ọjọ́ oṣù kìíní ló ṣì wà lórí ewé tirẹ̀. Hikmat tẹ́ ewé méjèèjì léra, ó sì rí i pé àárín bíìmù tó gbé gbogbo òkè dúró gan-an ni páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun yóò gbà. Ó ti sọ fún Nehemiah láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú.

"Ọ̀gá, pláànù méjì tí kò bára mu la ń lò."

Nehemiah rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ilé là ń kọ́ o, a ò ṣe ìdánwò." Ó ṣèlérí pé òun á pe ẹnjiníà. Kò pè é. Irin ló ní kí wọ́n gé.

Hikmat wo ìsàlẹ̀. Àwọn lébìrà bí ọgbọ̀n ti tò láti ìdí yanrìn dé ìdí àkàbà, páànù wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan ti ń da omi sínú ẹ̀rọ.

"Ẹ má pò ó!" ló pariwo. "Kò sí kọnkéré lónìí!"

Nehemiah gun òkè wá kíákíá. "Kí ló dé?"

"Ẹ ti gé irin bíìmù, ọ̀gá."

"Irin méjì péré! Ilé mélòó ni mo ti kọ́ ní ìlú yìí tó wó?"

"Ilé tí ẹ ti kọ́ kò sí lọ́wọ́ mi. Èyí ló wà lọ́wọ́ mi."

"Hikmat, sọ̀ kalẹ̀. Mi ò bá ọ ṣeré o."

Dípò kó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó. Orí irin bíìmù náà gan-an ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gé. Ó tẹ́ bébà aláwọ̀ mẹ́rin náà sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un kí atẹ́gùn má gbé e lọ. "Bí ẹ bá fẹ́ dà á," ó ní, "orí mi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà á lé."

Ẹ̀rín bú láti ìsàlẹ̀. "Ẹ pe ọkọ ẹ̀!" ni lébìrà kan kígbe.

"Ọkọ mi ò mọ pláànù kà," ni Hikmat dá a lóhùn láìwo ìsàlẹ̀. "Èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, lébìrà tó pariwo ni wọ́n ń fi rín.

Ojú Nehemiah ti ń pọ́n. "Tó bá jẹ́ pé ọmọ mi ni ọ́, mi ò bá ti fọ́ ọ létí."

"Tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ni mí, ọ̀gá, yàrá tí àwọn ìyá ìkókó máa sùn sí ló wà lábẹ́ ibí yìí. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n tẹ́ ọmọ-ọmọ yín sùn síbẹ̀?"

Nehemiah yíjú sí Ọ̀gá Fàtáì, tó ti gun òkè wá láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí òun ló gbé páìpù síbẹ̀. "Fàtáì, ìwọ lo kọ́ ọ níṣẹ́. Bá a sọ̀rọ̀."

Èyí ló dun Hikmat jù ní gbogbo àárọ̀ yẹn. Ó ti bá ọkùnrin yìí jẹun nínú abọ́ kan náà. Ọ̀gá Fàtáì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Hikmat, o ń dójú tì mí níwájú èèyàn."

"Ẹ dákun, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí páìpù bá ń jò nínú kọnkéré, ẹnikẹ́ni ò ní rí i títí irin á fi dógùn-ún. Mi ò tíì gbàgbé. Ẹ wò ó." Ó fi ìka tẹ̀ lé ilà aláwọ̀ ewé, títí ó fi já sórí ilà dúdú, nínú òbíríkítí. "Ewé ti oṣù kìíní ló ní irin mẹ́rin. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ kò mọ̀ pé páìpù ń bọ̀. Ṣé wọ́n fi ewé yìí hàn yín?"

Ọ̀gá Fàtáì wo bébà náà pẹ́. "Wọn ò fi hàn mí," ó ní. Ó dìde, ó di páìpù mú, ó fà á yọ kúrò láàárín irin, ó sì gbé e lé èjìká. "Páìpù tèmi ò gba ibí kọjá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó gba ibẹ̀, kó lọ wá púlọ́mbà míì."

Nígbà tí Màmá Ọládùnní fi máa sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, oòrùn ti mú, àwọn lébìrà ti jókòó sórí yanrìn, Hikmat ṣì wà lórí irin. Nehemiah ló pè wọ́n, òun náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan ti dá iṣẹ́ ọgbọ̀n èèyàn dúró. Màmá gbọ́ tirẹ̀ tán, wọ́n gbójú sókè.

"Hikmat, ṣé ó máa wó?"

"Mi ò lè sọ pé ó máa wó, mà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ṣírò rẹ̀ kò mọ̀ pé a gé e. Ẹ jẹ́ ká bi í."

Ó pe ẹnjiníà lórí fóònù, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó ṣàlàyé ní ìdákẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ àkọ́sórí fún bàbá rẹ̀. Ẹnjiníà béèrè: "Ta ló gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ síbẹ̀?" Kò dúró de èsì. "Ẹ má da nǹkan kan síbẹ̀ o. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Màmá," ni Nehemiah sọ, "nínú èmi àti òun, ẹ mú ẹnì kan."

"Nehemiah, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí," ni Màmá wí. "Bí nọ́ọ̀sì tó kéré jù bá sáré wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, n kì í bi í bóyá ó ti tó ẹni tí í sọ̀rọ̀. Mo máa ń lọ wò ó ni. Ní kí àwọn èèyàn wọ̀nyí máa lọ sílé."

Ẹnjiníà wá lóòótọ́. Ó ní kí wọ́n yọ gbogbo irin bíìmù náà, kí wọ́n fi odindi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì gbé páìpù lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí kò ti ní kan bíìmù kankan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é. Nehemiah kò kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá Hikmat sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kan òrùlé. Ìyẹn nìkan kọ́. Gbogbo ibi tó bá dé ní Ìwó ló ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Èèyàn méjì tó ti ṣèlérí iṣẹ́ fún Hikmat kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ẹnì kẹta gbé e, ó sì sọ ojú abẹ níkòó: "Wọ́n ní o máa ń dá iṣẹ́ dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Hikmat dáhùn. "Mo máa ń dá a dúró."

Lọ́jọ́ yẹn, ó sunkún nínú yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ẹni tó ń tẹ káàdì, ó ní kó tẹ orúkọ òun, nọ́ńbà fóònù òun, àti gbólóhùn méjì péré sábẹ́ rẹ̀: *Mò ń ka pláànù. Mo sì ń dá iṣẹ́ dúró.* Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Ọ̀gá Fàtáì gba ogún nínú káàdì náà, ó ń pín in fún gbogbo ẹni tó bá pè é síṣẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ ń padà wá. Oṣù tó kọjá, wọ́n pè é sí Ilé-Ogbó, níbi tí ẹnì kan ti ń kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olórí àwọn bíríkìlà ibẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó béèrè ibi tí ọ̀gá rẹ̀ wà. Hikmat tẹ́ ewé márùn-ún sórí ìdì sìmẹ́ńtì, ó fi òkúta tẹ igun wọn mọ́lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ewé oníná ò sí níbí. Níbo ló wà?"

"Oníná ò tíì dé. A ò nílò rẹ̀ lónìí."

"Ewé yìí fi hàn pé àtẹ̀gùn yín gba iwájú àpótí iná kọjá. A nílò rẹ̀. Ẹ pè é."

"Tí mi ò bá pè é ńkọ́?"

Hikmat mú káàdì kan jáde lápò, ó nà án sí i. Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà, ó kùn díẹ̀. Ó wá tẹ fóònù rẹ̀, ó sì gbé e sétí.