Adésọjí Ń Wá Ẹni Tí Yóò Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Àárẹ̀ tó wà lára Adésọjí Ṣóbọ̀wálé kì í ṣe irú èyí tí oorun ń gbé lọ. Bí ó bá sùn, àárẹ̀ náà á sùn tì í. Bí ó bá jí, wọn á jọ jí ni. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ìyẹn nìkan sì tó iṣẹ́ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, ó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ọsibítù kékeré kan lọ́nà Ìpẹ̀rú, ètò tó ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn: orúkọ wọn, ìlú wọn, ọdún tí a bí wọn, oògùn tí wọ́n ti lò, àti oògùn tí ara wọn kọ̀. Òun nìkan ló kọ ọ́. Òun nìkan ló mọ ibi tí ó ti ń sáré àti ibi tí ó ti ń tiro. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ètò náà bá dákú, òun náà ni wọ́n ń pè.

Wọ́n ti pè é nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti kúnlẹ̀ láti gba oúnjẹ Olúwa. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, àlùfáà ṣì ń bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò agbádá rẹ̀. Ó rọra yẹ̀ sẹ́yìn ọgbà, ó sì fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì kan bí yóò ṣe pa ẹ̀rọ náà tí yóò sì tún un tàn. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti rọ́ yẹ̀pẹ̀ tán. Àwọn ẹbí ò bá a wí. Àmọ́ òun kò gbàgbé.

Láńre ló gbé ọ̀rọ̀ àpérò wá bá a. Ó ti kọ́ Láńre rí nílé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ yìí ti di ògbóǹtarìgì báyìí nínú àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣètò àpérò tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń ṣe lọ́dọọdún, tí wọ́n ń ti Ìbàdàn, Èkó, Àkúrẹ́ àti ibi gbogbo wá sí. Lọ́dún yìí, Ṣàgámù ló bọ́ sí.

"Tíṣà, a fẹ́ kí ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀," ni Láńre wí. Ó jókòó sétí àga bí ọmọ ilé ìwé.

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yin ń kọ ètò tó ń dá ronú. Èmi, aṣọ tó ti gbó kan ni mo ń lẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún wá."

"Ohun tí a fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn, sà. Nínú gbogbo àwa tí à ń pariwo, ẹ bi wá léèrè ta ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún tí wọn ò tíì jù ú nù."

Adésọjí ní òun máa rò ó. Nígbà tí Láńre lọ tán, ìyàwó rẹ̀, Adérónkẹ́, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ò gbé ojú sókè.

"Ẹ lọ," ló wí. "Ṣebí ẹ máa ń sọ pé ẹ ń wá ẹni tí yóò gba nǹkan yìí lọ́wọ́ yín? Ibo lẹ fẹ́ rí i, nínú yàrá?"

Bẹ́ẹ̀ ni Adésọjí ṣe gbà láti lọ.

Lọ́jọ́ àpérò, ó wọ ọkọ̀ èrò láti Ìkẹ́nnẹ́, ó dé Ṣàgámù kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà. Inú gbọ̀ngàn náà kún. Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, kò sì sí mẹ́wàá nínú wọn tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó lẹ́yìn, ó ń gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ní láàárín ọdún mẹ́ta kò ní sí ẹni tí yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò mọ́. Ẹnì kejì ní irọ́ ni. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Nígbà oúnjẹ, Adésọjí gbé ìrẹsì rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan. Ó kí wọn, ó ṣàlàyé ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó sì bi wọ́n bóyá ọ̀kan nínú wọn lè fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà.

"Èdè kọ̀ǹpútà wo lẹ fi kọ ọ́, sà?" ni ọ̀kan béèrè.

Ó dárúkọ èdè náà. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ pé àtùpà elépo ni wọ́n ṣì ń tàn nílé ẹnìkan. Ẹnì kejì ní Kánádà ni òun ń lọ lóṣù kẹwàá. Ẹnì kẹta dáhùn dáadáa, ó sì gba nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n Adésọjí rí i pé kò tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù tán kó tó fi í sápò. Ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán láìmọ adùn rẹ̀.

Yàrá kékeré kan lápá ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àsìkò tí ojú gbogbo ènìyàn ń kún fún oorun. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló wọlé. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ya àwọn àwòrán tó fẹ́ fi hàn wọ́n lójú ògiri. Àwòrán kẹta ló kàn tí iná fi lọ. Wọ́n ní kí ó ní sùúrù, jẹnẹrétọ̀ ń bọ̀. Ó dúró títí, ooru ń mú, kò sì gbúròó jẹnẹrétọ̀ kankan. Ẹni méjì dìde, wọ́n jáde. Àárẹ̀ náà wá bò ó débi pé kò tilẹ̀ lè díbọ́n mọ́. Ó pa láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, ó fa àga kan, ó jókòó sí i níwájú wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín," ló wí.

Ó sọ fún wọn pé nígbà tí ètò náà di ọmọ ọdún mẹ́fà, àwọn nọ́ọ̀sì ráhùn pé wíwá káàdì ń pẹ́ jù. Ó sì jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gé ọ̀nà kúrú. Tẹ́lẹ̀, ètò náà máa ń wo orúkọ, ọdún ìbí àti ìlú kí ó tó gbé káàdì jáde. Ó yọ ìlú kúrò. Ó rò pé orúkọ àti ọdún ti tó. Inú àwọn nọ́ọ̀sì dùn, wọ́n ń kí i.

Kò mọ̀ pé Fáyọ̀kẹ́ Ògúnṣínà méjì ló wà nínú ìwé ọsibítù náà, tí ọdún tí a bí wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀kan ń ṣe tíṣà ní Ìsarà. Èkejì ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Àkàkà. Ti Àkàkà yìí, ara rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú káàdì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wá, káàdì ará Ìsarà ni ètò náà gbé jáde. Nọ́ọ̀sì ka ohun tó rí. Ó gún ìyá náà lábẹ́rẹ́.

"Kí wọ́n tó ka ọgọ́rùn-ún, ojú ìyá ti wú, ọ̀fun rẹ̀ ti ń dí," ni Adésọjí wí. "Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà tó wà nítòsí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé èmi ni. Mo dá ìlú padà sínú ètò náà, mo lọ sọ fún wọn, wọ́n sì pe nọ́ọ̀sì padà, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́."

Kò sí ẹni tó ń sùn mọ́ nínú yàrá náà.

Ó sọ bí òun ṣe gun ọ̀kadà lọ sí Àkàkà láti lọ bẹ ìyá náà. Ó bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyá náà tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Ó ní, 'Ṣé ìwọ náà lo ṣì ń ṣọ́ ọ?' Mo ní, 'Èmi ni, mà.' Ó ní, 'Má jẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.' Ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ." Adésọjí nu òógùn ojú rẹ̀. "Láti ọjọ́ náà, ọdún méjìlá rèé, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ètò náà. N kò sì pa fóònù mi rí. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ."

Wọn ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wé gèlè kékeré mọ́rí nawọ́ sókè ní ìlà kejì. Ó ní Sùmáyà lorúkọ òun, pé Ṣàgámù níbí lòun ń gbé, níbi tí òun ti ń bá ilé iṣẹ́ kan kọ ètò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ló ń yẹ iṣẹ́ yín wò kí ẹ tó gbé e síta?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Lọ́jọ́ tí ẹ yọ ìlú kúrò ńkọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan kà á lọ́jọ́ náà, ẹnìkan tó mọ bí orúkọ ṣe ń jọra nílẹ̀ Rẹ́mọ, ṣé ẹ rò pé ì bá rí i?"

Fún ọdún méjìlá ni Adésọjí ti gbà pé àìsùn òun ni etùtù àṣìṣe náà, pé bí òun bá ti lajú sílẹ̀, ohun búburú kò ní kọjá.

"Ì bá rí i," ló wí níkẹyìn.

"Ẹ má bínú sí mi, sà," ni Sùmáyà wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ó dà bíi pé ẹ ò tíì ṣe ohun tí ìyá yẹn ní kí ẹ ṣe. Ẹ̀yin nìkan náà lẹ ṣì wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó dùn ún débi pé ó kọ́kọ́ fẹ́ dìde kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kò dìde, ó sì mọ ìdí rẹ̀: òótọ́ ni. Dípò kó lọ, ó ṣí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì ní, "Wá wò ó nígbà náà."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ sí gbọ̀ngàn ńlá, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Sùmáyà ń ka ètò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ogbó rẹ̀. Ó tó wákàtí kan kó tó gbé orí sókè.

"Ọmọ tuntun tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, kí lẹ ń kọ fún un?"

"'Ọmọ' ni, a ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ tì í, àti ìlú, àti ọjọ́ tí wọ́n bí i."

"Tí ó bá jẹ́ ìbejì ńkọ́?"

Adésọjí fi fóònù pe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù náà, ó bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ìyàtọ̀ káàdì àwọn ìbejì kí ọjọ́ kẹjọ tó pé.

"Ìbejì?" ni obìnrin náà wí. "Kọ̀ǹpútà kì í dá wọn mọ̀. Bírò la fi ń kọ 'àkọ́kọ́' àti 'ìkejì' sórí bébà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ó máa ń hàn lóhùn yín pé ó ti rẹ̀ yín, Ẹ̀gbọ́n. A ò fẹ́ dà á lé yín lórí."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí itan rẹ̀.

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Sùmáyà ti ń wá sí Ìkẹ́nnẹ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dámilọ́lá, tí òun náà ń kọ ètò. Ọ̀rọ̀ ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Kò dùn bí ènìyàn ṣe lè rò. Ohun tí Adésọjí fi oṣù mẹ́ta kọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, Sùmáyà á fi ìka kan pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kan Adésọjí jágbe mọ́ ọn, ó ní kó má wá mọ́. Adérónkẹ́ ló bá a wí, òun fúnra rẹ̀ ló sì wọkọ̀ lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ ní Ṣàgámù. Sùmáyà padà wá. Oṣù keje ló ríṣẹ́ sí Àbújá, ó sì lọ, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti kọ ohun gbogbo sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹnikẹ́ni tó bá kà á yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Dámilọ́lá dúró. Òun àti Adésọjí wá pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, bí ọ̀sẹ̀ bá ti jẹ́ ti ẹnìkan, ẹni náà ni ọsibítù ń pè. Kò sì sí ohun tí ọ̀kan ń gbé síta láìjẹ́ pé èkejì kà á.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣòro. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pe Dámilọ́lá láti bi í bóyá gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ní ìgbà kẹrin, ọmọbìnrin náà rọra ní, "Sà, ẹ lọ sinmi." Ó lọ jókòó nínú pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tó ṣe, oorun gbé e lọ, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga. Adérónkẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó má baà dún, ó sì lọ pa rédíò.