Igi Ọwọ́ Wa Nìkan Ni Bàbá Gbà

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń bi mí bóyá èrè wà nínú kí á máa bá alágbára tó ní bọ́ǹbù jókòó sọ̀rọ̀, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni, nígbà tí ìjọba òyìnbó kan tó ń fi ìbọn ṣàkóso àwọn ará aṣálẹ̀ kéde pé òun máa dán bọ́ǹbù ńlá wò níbẹ̀. Aṣálẹ̀ yẹn gan-an ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa ní Èkó.

Èmi àti Bùràímọ̀ jọ ń já ẹrù ọkọ̀ òkun létí omi Màrínà. Agbo ilé kan náà là ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànrán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sídí, kì í lè mí dáadáa bí ọyẹ́ bá ti dé. Nígbà tí ọkọ̀ ìjọba náà gúnlẹ̀, Bùràímọ̀ ló kọ́kọ́ káwọ́ lẹ́rán.

"Làmídì, eruku lásán fẹ́ pa á lọ́dọọdún. Ti bọ́ǹbù wá ńkọ́? Ẹni tó bá já ẹrù yìí, èmi àti ẹ̀ máa fìjà pẹẹ́ta!"

Gbogbo wa bá jókòó. Àlùbọ́sà ń jẹrà nínú ọkọ̀, òórùn rẹ̀ gba Màrínà kan, ọ̀gá ọkọ̀ ń sá sókè sá sódò. Ó dùn mọ́ wa nínú, ẹ má parọ́ fún mi pé kò yẹ kó dùn!

Ìgbà náà ni Bàbá Ṣàdíkù dé, àgbà agbo ilé wa, ẹni tí òyìnbó máa ń pè síbi àsè. Aṣojú ìjọba náà ti ránṣẹ́ pe òun àtàwọn gbajúmọ̀ kan wá jíròrò.

"Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò," ni Bàbá wí. "Ẹ já ẹrù wọn, kí ojú má tì mí. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa bàbá ẹni."

Ọwọ́ wa ti tẹ èèkù. Òun ló ní ká ju idà sílẹ̀.

Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ṣé wọ́n ti ní àwọn ò yin bọ́ǹbù náà mọ́ ni?"

"Ìyẹn la fẹ́ lọ sọ. Àbí o fẹ́ bú mi?"

Ní agbo ilé wa, bí àgbà bá wọ àárín ìjà, wàá fi igi ọwọ́ rẹ sílẹ̀ kó tó lanu. Bí o bá dì í mú, o ti tàbùkù àgbà. Bùràímọ̀ dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó gbé àpò àkọ́kọ́. Àwa yòókù tẹ̀ lé e.

A gbọ́ pé ìpàdé náà lárinrin. Wọ́n mu tíì, wọ́n ya fọ́tò. Bàbá gbé tirẹ̀ kọ́ sí pálọ̀: aṣojú náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, eyín wọn funfun báláú. "Wọ́n gbọ́ wa," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́! Bí ọkọ̀ náà ṣe lọ tán, ọ̀gá iṣẹ́ lé èmi àti Bùràímọ̀ dànù nítorí ìjókòó yẹn. A tọ Bàbá lọ. Ó ní òun ò lè tìtorí iṣẹ́ àárù da ìjíròrò ńlá rú. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já fọ́tò yẹn lulẹ̀.

Ọyẹ́ ò tíì lọ tán tí wọ́n fi yin bọ́ǹbù náà. Ọyẹ́ yẹn náà ni Sídí kú. N kò sọ pé bọ́ǹbù ló pa á. Èmi kì í ṣe dókítà, àyà tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ ní láti fi jà fún un, òwe ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ṣàdíkù wá kí i. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ló wí.

Bùràímọ̀ ò dìde. "Bàbá, ẹ gba igi lọ́wọ́ mi. Igi tiwọn dà?"

Àgbà dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí la rí níbẹ̀? Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ etí omi kì í padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ìdáhùn tó dé. Èrè wa nìyẹn, kò sì tó. N kò ní kí ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ àgbà tó mọ ìjà í là, tọ̀tún tòsì ló ń gba igi. Bàbá Ṣàdíkù ti kú, fọ́tò rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀. Bùràímọ̀ náà ti darúgbó. Bí mo bá ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á pè mí: "Làmídì, wọ́n ti fi tiwọn sílẹ̀ báyìí?"

Màá ní, "Rárá o, Bùràímọ̀. Wọ́n tún ti gbẹ́ òmíràn."