Rúlà Lójú Kọ̀ǹpútà

Tí mo bá ti rí rúlà onígi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Nínú káfè íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Bosso, nílùú Minna, ojú kọ̀ǹpútà ló máa ń gbé tirẹ̀ lé. Ó ń kọ́ CSS, èdè tí wọ́n fi ń to ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kó lè dùn ún wò. Kò ní olùkọ́. Yóò ṣí ojú ìwé ilé ìròyìn kan, yóò fi rúlà wọn àlàfo ibẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀.

"Haba, iṣẹ́ oníṣẹ́ lo ń dà kọ," ni ẹni tó ni káfè wí.

"Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é ni." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Bàbá wa, tó jẹ́ díákónì, ti bá a wá iṣẹ́ tíṣà sí ilé ìwé kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá wa ní káfè pé kó dìde, ọ̀gá ilé ìwé náà ń retí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò ní lọ."

"Nítorí àwòkọ yìí?"

Ó fi ojú ìwé ilé ìròyìn náà hàn án, ó sì fi tirẹ̀ hàn án. Bàbá wò wọ́n títí.

"Wọ́n jọra," ló wí.

"Wọn ò tíì jọra tó, sà."

Ó jókòó padà, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. N kò rí ọmọ tó kẹ̀yìn sí Bàbá rí nínú ilé wa. Bàbá dúró díẹ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀, lẹ́yìn náà ló dá nìkan lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé ọmọ òun ò wá mọ́.